Ihò Ìṣó Mẹ́rin

Lẹ́tà náà bá mi ní Ẹ̀fọ̀n, kò kanlẹ̀kùn.
Orí fóònù ló gbà wọlé láàárọ̀ ọyẹ́,
nígbà tí kùrukùru ṣì jókòó sórí òkè
bí àgbà tí kò síbi tó ń kánjú lọ.
Wọ́n ní mo jẹ gbèsè.
Ilé tí mo ti kó jáde nínú rẹ̀ ní Glásígò,
tí mo gbá, tí mo nù, tí mo dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà,
òun ló tún ń pe orúkọ mi, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pè.

Owó ìmọ́tótó: ọgọ́sàn-án pọ́n-ùn.
Kápẹ́ẹ̀tì tó ṣá: igba ó lé mẹ́wàá.
Ihò ìṣó mẹ́rin lára ògiri pálọ̀: ọgọ́fà.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni owó ìdógò mi tó wà lọ́wọ́ wọn.
Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán,
wọ́n ní kí n wá fi pọ́n-ùn mẹ́wàá ṣe omi ìfọwọ́.

Mo kà á sí Màámi létí. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́,
kò gbójú sókè.
"Ọgbọ̀n pọ́n-ùn lórí uṣó kan?
Bí wọ́n bá ti gbowó ihò,
kí wọ́n di ihò ọ̀ún sínú páálí, kí wọ́n fi ránṣẹ́.
Kí lo tilẹ̀ gbé kọ́ síbẹ̀?"

Àwòrán Bàbá, èyí tó ti rẹ́rìn-ín ìdajì.
Kàlẹ́ńdà ìjọ wa, tí ọdún rẹ̀ ti kọjá.
Kóòtù.
Ìkẹrin, n kò gbé nǹkan kan kọ́ ọ.
Alẹ́ tí wọ́n pè pé Bàbá ti sùn ni mo kàn án.
Owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí, ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́.
N kò sọ ìyẹn fún Màámi.
N kò sì mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn,
níbi tí wọ́n kọ "ìdí" sí
tí wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo síwájú rẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ilé wa. Mo gun òkè lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
mo jókòó lórí àpáta tó tutù wọ egungun,
mo ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan:
kápẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí mo dé, tó ti ṣá kí n tó bọ́ bàtà sí i;
sítóòfù tí mo fi kànìnkànìn fọ̀ títí ojú mi fi hàn nínú rẹ̀.
Fọ́tò kan, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.
Èsì dé: a ti rí ẹ̀sùn yín gbà, ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá.
Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò lórúkọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀, Màámi na bírò sí mi.
Tíṣà Fámúrewá ti kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìn,
kí n lọ wò ó, kí n kọ gbogbo ohun tó bàjẹ́,
kí a yọ ọ́ nínú owó rẹ̀.

Gíláàsì fèrèsé kan ti sán. Èéfín ti kun àjà.
Mo ka ìṣó: méje.
Lára férémù ilẹ̀kùn, ẹnìkan ti fi èédú fa ìlà,
ọ̀kan lórí èkejì, márùn-ún,
orúkọ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: Mojírádé.
Èyí tó ga jù tó mi ní ìgbáròkó.
Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò.

Gíláàsì nìkan ni mo kọ.
"Uṣó ńkọ́?" ni Màámi wí.
Mo ní n kò rí ìṣó.
Ó wò mí, ó wo ìwé, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.
"Méje ni," ló wí, jẹ́jẹ́.
Kò ní kí n kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹfà rèé. Alaalẹ́ ni mo ń gun òkè.
Ọyẹ́ ń fẹ́.
Òǹyípo kékeré ojú fóònù mi ń yí, ó ń yí.